Obìnrin Ẹlẹ́kọ Abẹ́ Olúmọ: Ṣé Àkúdàáyà Ni Tàbí Ìwin?

Ìbéèrè tí òǹkàwé kan fi ránṣẹ́ láti Pánṣẹ́kẹ́:

“Mo wo apá keje eré àkúdàáyà tí wọ́n ń ṣe ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, inú sì bí mi. Obìnrin ẹlẹ́kọ tí ó ti kú ní oko Ẹ̀gbá wá ń gbé lábẹ́ Olúmọ, ó ti fẹ́ ọdẹ kan, ó sì ti bí ọmọ méjì fún un. Àbúrò ọkọ rẹ̀ àtijọ́ dé ọjà, ó rí i, ó dá a mọ̀, síbẹ̀ obìnrin náà kò pòórá. Nígbà tí ó di alẹ́, ojú rẹ̀ funfun báláú, èéfín bo gbogbo ibẹ̀, ó fò gorí àpáta, ọkọ rẹ̀ ọdẹ sì ń ti àtẹ́lẹwọ́ ju iná lù ú. Ṣé àkúdàáyà nìyẹn? Àwọn tí a jọ wò ó ní èéfín náà ni kò dára, wọ́n ní bí owó bá pọ̀ sí i ni eré náà yóò dùn. Èmi kò mọ ohun tí ó ń dùn mí gan-an. Ẹ bá mi dá sí i.”

* * *

Èéfín kọ́ ni ó ń dùn ọ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rówó ra iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó dára ju gbogbo ti ayé lọ, apá keje yẹn yóò ṣì máa dùn ọ́, nítorí pé ẹni tí wọ́n fi hàn wá ní ọ̀sán kọ́ ni wọ́n fi hàn wá ní alẹ́. Èmi náà ti ń bá eré yìí bọ̀ láti apá kìíní, mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé n kì í gbé fóònù bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, mo sì wo apá keje lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jókòó láti kọ èyí.

Àkúdàáyà tí a gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá wa ni ẹni tí ikú mú lọ nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, tí kò rí ọ̀run wọ̀, tí ó wá gbéra lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, tí ó ń ṣòwò níbẹ̀, tí ó ń fẹ́ ọkọ tàbí ìyàwó, tí ó ń bímọ, tí ó ń dá èésú, tí ó sì ń bá aládùúgbò jà lórí omi. Ẹ lè bá a jẹun fún ogún ọdún kí ẹ má fura. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀ tí ènìyàn lè nàka sí, àìsí àmì náà gan-an ni ó sì ń mú kí ara ẹni bù máṣọ nígbà tí a bá gbọ́ ìtàn rẹ̀ tán, nítorí pé ojú ẹsẹ̀ ni ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹni tí ó jókòó tì í.

Ìwin yàtọ̀ sí i. Inú igbó ni ìwin ń gbé, kò kú rí, nítorí pé kò ṣe ènìyàn rí. Ìwin lè fò, ó lè yọ iná lẹ́nu, ó lè ga ju ọ̀pẹ lọ. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn ọdẹ inú igbó ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní bá a jiyàn. Ohun tí àwọn tí ó kọ eré yìí ṣe ni pé wọ́n fi wákàtí kan kọ́ wa ní àkúdàáyà dáadáa, wọ́n wá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ ọ́ di ìwin. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dùn ọ́, ó sì ń dun èmi náà.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ìran ọjà náà díẹ̀, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó ń bínú ti gbàgbé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó pẹ́ tí mo ti rí irú rẹ̀ nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n wa.

Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú ẹrù obì lórí, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, ó sì ní kí wọ́n bu ẹ̀kọ mẹ́fà fún òun. Obìnrin náà gbójú sókè. Láti ìgbà náà lọ, kámẹ́rà kò wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́, ọwọ́ obìnrin náà ni ó gbájú mọ́. Ó ká ewé eéran, ó tú u, ó tún un ká, ẹ̀kọ gbígbóná láti inú ìkòkò sì dà sí i lẹ́yìn ọwọ́, a rí i bí ó ṣe ń ṣàn lọ sí ọrùn ọwọ́, a sì rí i bí ooru rẹ̀ ṣe ń fẹ́ jáde. Kò ké. Kò tilẹ̀ yọ ọwọ́. Ṣé ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí ó mọ̀ pé ó ń jó òun ni, àbí òkú ni, tí iná kò lè ṣe é ní nǹkan kan? Wọn kò sọ fún wa. Mo di apá àga mú níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń ju iná lórí àpáta, ẹ̀yìn àga ni mo fara tì.

Ohun kejì tí ó wà nínú ìran náà jẹ́ ti ilé wa pátápátá, ẹni tí kò bá sì gbé nínú agbo ilé rí lè máà kíyè sí i. Ní apá kejì ni wọ́n ti fi hàn wá pé ọmọdé tí ó ń sáré kiri ìta ni àbúrò ọkọ yìí nígbà tí wọ́n mú ìyàwó wọlé. Nítorí pé ìyàwó kò gbọdọ̀ pe ẹni tí ó bá nínú ilé ní orúkọ, bí onítọ̀hún tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́, ó fún un ní orúkọ tirẹ̀, ó ń pè é ní Adúmáadán. Ọmọ náà ní tirẹ̀ ń pè é ní “ìyàwó wa”, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ni òun náà jẹ́ lójú ẹbí. Ní ọjà, ètè obìnrin náà mú “Adú” jáde, ó sì gbé ìyókù mì. Ọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Ìyá ẹlẹ́kọ, ẹ kú ọjà o,” ó ka owó ẹyọ sílẹ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Níbẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ pé kí ló dé tí kò pòórá wà. Àwọn kan gbọ́ ìtàn pé bí ojú bá ti kan ojú ni àkúdàáyà ń lọ. Àwọn mìíràn gbọ́ ọ pé yóò kọ́kọ́ fa ẹni tí ó rí i sí kọ̀rọ̀, yóò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bo òun láṣìírí, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ilé tí àwọn ará ilé sì wá wò ó ni wọn yóò bá ilé òfìfo. Eré yìí yan ọ̀nà kẹta, mo sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀: bí ẹnikẹ́ni kò bá pè é ní ohun tí ó ń jẹ́ ní ayé rẹ̀ àkọ́kọ́, ó lè dúró. “Ìyá ẹlẹ́kọ” ni ọkùnrin náà pè é. Ó dá a mọ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ kí i bí àjèjì kí wọ́n má baà sọ ọ́ nù lẹ́ẹ̀kejì. Àṣìṣe kọ́ ni pé kò pòórá. Ohun tí ó dára jù lọ nínú eré náà nìyẹn.

* * *

Ẹnì kan tí ó ka ohun tí mo kọ sókè yìí ti fèsì láti Ìbarà pé mo ń le koko jù, pé àwọn àgbà òṣèré wa náà lo iná àti èéfín, ó sì tọ́ka sí *Aiyé* tí Hubert Ogúnńdé ṣe ní 1979. Òótọ́ ni ó sọ, n kò sì ní bá a jà lórí fíìmù náà. Ṣùgbọ́n ìjà babaláwo pẹ̀lú àwọn àjẹ́ ni fíìmù náà dá lé, agbára sí agbára ni, àwọn méjèèjì kò sì fi ara wọn pamọ́ fún ẹni tí ó ń wò. Iná bá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mu. Bí a bá gbé iná kan náà wá bá obìnrin tí gbogbo ohun tí ó fẹ́ láyé kò ju kí wọ́n jẹ́ kí ó ta ẹ̀kọ rẹ̀ kí ó sì tọ́ ọmọ rẹ̀ lọ, a ti ba ìtàn rẹ̀ jẹ́, ìbáà jẹ́ pé iná náà dára tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Mo sì fẹ́ rán wa létí pé ìlú wa Abẹ́òkúta yìí ni a ti bí Amos Tutùọlá ní 1920. Nínú ìwé tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1952, ìyẹn *The Palm-Wine Drinkard*, ìtàn ọ̀mu tí ó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú, ọjà ni ó ti mú ẹ̀rù bà wá jù lọ. Ọkùnrin arẹwà kan wá sí ọjà, ara rẹ̀ pé, kò sí àbùkù kankan níbì kan, omidan kan sì tẹ̀ lé e lọ. Bí wọ́n ṣe ń wọnú igbó ni ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà fún àwọn tí ó ni wọ́n, ó dá ẹsẹ̀ padà, ó dá apá padà, ó ń san owó ìyálò wọn bí ọmọlúàbí, títí ó fi ku agbárí nìkan. Tutùọlá kò fi èéfín kankan sí i. Sísan owó náà ni ó bà mí lẹ́rù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe eré ìbẹ̀rù nípa Abẹ́òkúta kò ní láti lọ jìnnà kí ó tó rí ẹni tí yóò kọ́ ọ.

Àwọn ìyá wa ní ìgbàgbọ́ tí ó sún mọ́ èyí. Wọ́n ní bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjà tí ó sì wo ẹ̀yìn láti àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, yóò rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀. Ní kékeré, wọ́n nà mí ní Ìtòkú nítorí pé mo fẹ́ dán an wò.

* * *

Ọ̀rọ̀ aṣọ. Òǹkàwé méjì ti sọ pé kò kàn wá, nítorí pé eré àròsọ ni. Ó kàn mí, nítorí pé adìrẹ ni mo ń tà, òun ni ìyá ìyá mi tà kí n tó tà á.

Eré náà fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún wa ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ogun ti tú àwọn oko Ẹ̀gbá ká lẹ́yìn tí Òwu fọ́, àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, gbogbo wa sì mọ̀ pé 1830 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ tí obìnrin náà fò, ìró tí ó wà ní ìdí rẹ̀ jẹ́ adìrẹ ẹlẹ́kọ alápẹẹrẹ Ìbàdàndùn. Mo dá eré dúró kí n lè wò ó dáadáa: àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ náà rèé ní ìlà, ṣíbí sì wà láàárín wọn. Òpó gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn ni àwọn aládìrẹ tí ó ya àpẹẹrẹ náà fi sí i, 1929 ni wọ́n sì ṣí gbọ̀ngàn náà. Obìnrin yìí ru òpó ilé tí wọn kò ní kọ́ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sí i.

Adìrẹ ẹlẹ́kọ fúnra rẹ̀ kì í ṣe aṣọ ìgbà ogun. Kí a tó lè fi ìyẹ́ adìyẹ ya àpẹẹrẹ tínínrín pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, a nílò aṣọ òyìnbó tí ojú rẹ̀ dán. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ó gbilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Bàtànì tí àwọn ọkùnrin ń gé lára páànù tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí obìnrin ẹlẹ́kọ ìgbà náà yóò ró ni kíjìpá tí wọ́n hun nílé tí wọ́n sì rẹ sínú aró ẹlú, ó nípọn, ó wúwo, bí ó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìkòkò aró jáde, yóò máa rẹ̀ sí itan ẹni tí ó ró o. Ẹ fojú inú wò ó: àbúrò ọkọ rí i pé ìyá ẹlẹ́kọ yìí ní àwọ̀ aró ní ọrùn ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé wọn ṣe máa ń ní in. Wọn ìbá ti fi aṣọ nìkan sọ ìtàn náà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn eléré kan wá sí ìsọ̀ mi, wọ́n ní àwọn ń wá aṣọ àtijọ́. Mo tú kíjìpá méjì sílẹ̀ fún wọn, èyí tí ìyá àgbà fi sílẹ̀, tí n kò sì lè tà láéláé, mo ní kí wọ́n yá wọn lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọkùnrin tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ aṣọ fọwọ́ pa á, ó ní kò ní hàn dáadáa nínú kámẹ́rà, ó sì ra Ìbàdàndùn mẹ́ta. N kò sọ pé eré yìí ni wọ́n ń ṣe. Mo kàn mọ bí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń wáyé: ẹni tí ó ń wá ohun tí yóò hàn kì í béèrè ohun tí ó jẹ́.

* * *

Lórí ọfọ̀ tí ọdẹ pè, díẹ̀ ni mo ní í sọ. Àwọn tí ó ní àwọn òṣèré ń mọ̀ọ́mọ̀ gé ọfọ̀ kí ó má baà jẹ́ lójú agbo lè jàre, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nìyẹn, n kò sì ní tako ó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ gé e ní ibi tí gbólóhùn bá parí sí. Ìró ọ̀rọ̀ ni ọfọ̀ fi ń ṣiṣẹ́, ewé kan ń jẹ́ orúkọ kan, orúkọ náà sì ń pàṣẹ iṣẹ́ kan. Ọdẹ yìí dárúkọ ewé mẹ́ta láìsọ iṣẹ́ èyíkéyìí nínú wọn, ariwo iná sì bo ìyókù mọ́lẹ̀.

* * *

Òǹkàwé tí ó béèrè nǹkan ní ìbẹ̀rẹ̀ ti padà wá, ó ní ṣé èmi fúnra mi gbà pé àkúdàáyà wà, àbí ọ̀rọ̀ eré ni mo ń sọ lásán.

Ìyá mi kú lójijì, kò ṣàìsàn. Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, mo wà ní Kútọ̀ ní àárọ̀, mo ń dúró de ọkọ̀ tí yóò kún, mo sì rí obìnrin kan tí ó kọ ẹ̀yìn sí mi níbi tí wọ́n ti ń ta ọsàn. Ìyá mi kì í we gèlè kí ó bo etí ọ̀tún, nítorí pé etí náà ti máa ń dùn ún láti kékeré. Obìnrin yìí kò fi gèlè bo etí ọ̀tún. Ó ń tẹ ọsàn wò pẹ̀lú àtàǹpàkò, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dá wọn padà. Mo la ẹnu láti pe “Màmá”. Ohùn náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. N kò pè é, nítorí pé mo rántí ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi, mo sì sọ nínú ọkàn mi pé bí òun bá ni, bí mo bá pè é, n kò ní rí i mọ́. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí ó fi san owó ọsàn, tí ó sì wọ inú èrò lọ láìyí ojú padà. Ọkọ̀ tí mo ń dúró dè ti lọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ni. Mo tún mọ̀ pé n kò pè é. Nítorí náà, nígbà tí mo rí ọkùnrin yẹn tí ó gbé ọ̀rọ̀ mì, tí ó ní “Ìyá ẹlẹ́kọ, ẹ kú ọjà o,” mo sunkún, ọmọ mi sì wá béèrè ohun tí ó ṣe mí. Ẹni tí ó kọ ìran náà mọ ohun kan tí kò lè jẹ́ pé ó kà á nínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi sí iṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn ju bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn bínú sí eré lọ.

* * *

Ẹni tí ó wà ní Ìbarà ní ìbéèrè mìíràn, èyí sì dára gan-an: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ méjèèjì? Nínú ìtàn tí èmi gbọ́, àwọn ọmọ àkúdàáyà a máa kù sílẹ̀, ènìyàn ni wọ́n, ìyá wọn nìkan ni yóò lọ. Ọkọ yóò bá iná lábẹ́ ìkòkò, yóò bá aṣọ lórí okùn, yóò máa pè é kiri àdúgbò. Bí àwọn tí ó ń ṣe eré bá ní ìgboyà, ibẹ̀ ni kí wọ́n gbé kámẹ́rà lọ, sí ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin tí ó jókòó ti ìkòkò ẹ̀kọ tí ó ń hó, tí ń dúró de ẹni tí yóò rò ó.

Wọ́n ti fi díẹ̀ hàn wá nínú apá kẹjọ. A rí obìnrin náà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní àárọ̀, bí ẹni pé kò fò rí, n kò sì mọ bí wọn yóò ṣe ṣàlàyé ìyẹn fún wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a rí ẹsẹ̀ eléruku méjì tí ó tún ń bọ̀ láàárín èrò, tí ẹsẹ̀ àgbàlagbà kan sì tẹ̀ lé e. Ọkọ àkọ́kọ́ nìyẹn, kò lè jẹ́ ẹlòmíràn. Bí ó bá dé ìdí ìkòkò náà tí èéfín kọ̀ǹpútà tún bẹ̀rẹ̀, èmi yóò pa tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ kí ó dúró, kí ó wo ọwọ́ tí ẹ̀kọ jó, kí ó sì yan bóyá kí òun pe orúkọ ìyàwó òun tàbí kí òun ra ẹ̀kọ kí òun máa lọ, mo máa dárí apá keje jì wọ́n.